Ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi ní Kubwa: òpópónà ni kí ẹ yàn

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: Kubwa kì í ṣe ìlú tó dákẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ó ṣeé ṣe kó ní ilé tó fẹ́ kí ẹ gbà. Títì ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá láti Abuja lọ sí Zuba kì í sùn, ariwo ọjà Village ò lópin, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń fọn fèrè láìnídìí. Ohun tó ń dákẹ́ ní Kubwa ni òpópónà. Ilé kan lè wà tó jẹ́ pé ohùn ẹyẹ nìkan lẹ máa gbọ́ níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹni tó sùn ní òpópónà kejì má fojú ba oorun nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta níbí, ìyẹn ìsinmi tí kò ní àríyá, tí ìrìn kiri kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, fi jẹ́ pé kí ẹ tó kúrò nílé ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi sùn ní Wuse tàbí Garki. Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́: iye tí wọ́n ń gbà fún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan láàárín Abuja lè gba odidi ilé kékeré pẹ̀lú ilé ìdáná ní Kubwa. Yàtọ̀ síyẹn, ìlú ni Kubwa, kì í ṣe abúlé. Ọsibítù ìjọba wà níbẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kaduna wà níbẹ̀, àmàlà gidi náà wà níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀ ju bí àlejò ṣe ń rò lọ. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari ló wà, àpáta yí i ká, abúlé àwọn Gbagyi tó ti wà kí Abuja tó dé kò sì jìnnà sí i. Àwọn Gbagyi kan gan-an ni ìjọba kó wá sí Kubwa nígbà tí wọ́n ń wá àyè kọ́ olú ìlú tuntun lẹ́yìn òfin ọdún 1976.

Kí ẹ tó wá ilé, ẹ mú ọjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òpin ọ̀sẹ̀ ló yẹ fún ìsinmi. Ní Kubwa, òdìkejì rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ìlú náà máa ń tú lọ sí ọ́fíìsì ní Abuja láti nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, wọn kì í sì í padà dé títí di ìrọ̀lẹ́. Láàárín aago mẹ́wàá sí aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn òpópónà inú máa ń dá pátápátá. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ni ìsọ́ òru àti ilé ọtí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ni ìgbéyàwó, kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ló ni gbohùngbohùn. Ẹ wọlé ní ọjọ́ Ajé, ẹ jáde ní Ọjọ́bọ̀. Òru mẹ́ta nìyẹn, onílé sì máa ń gbọ́ ìdúnàádúrà láàárín ọ̀sẹ̀ ju òpin rẹ̀ lọ.

Ní ti àsìkò, láti ìdajì oṣù Kẹwàá sí òpin oṣù Kọkànlá ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Òjò ti ń lọ, ewéko ṣì tutù, eruku ọyẹ́ kò tíì bolẹ̀. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní náà dára fún oorun alẹ́ nítorí òtútù, ṣùgbọ́n ètè á máa là, ẹni tí eruku ń bá jà á sì máa wúkọ́; ẹ mú òrí dání. Oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ni kí ẹ sá fún. Ooru ìgbà yẹn kì í jẹ́ kí ògiri tutù di ọ̀gànjọ́, ìgbà náà sì ni omi kànga máa ń lọ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án, òjò ló ń ba ọ̀nà inú jẹ́. Àyè kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì: gbogbo Abuja á kó lọ sí ìlú wọn, Kubwa á sì fúyẹ́. Owó mọ́tò àti ti bàálù ló máa ń gbówó lérí ní àkókò yẹn, torí náà ó dára fún ẹni tó ti wà ní àríwá tẹ́lẹ̀ ju ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ. Ẹ tún wádìí bóyá àwọn àgùnbánirọ̀ wà ní ibùdó. Kubwa ni ibùdó NYSC ti Abuja wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń lò níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ilé sí itòsí rẹ̀ lásìkò yẹn á gbọ́ fèrè kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó wá ṣe òwò lẹ́nu ọ̀nà ibùdó náà á sì ti gba àwọn yàrá pọ́ọ́kú.

Ó wá kan ibi tí ẹ máa sùn. Àdúgbò FHA àti Phase 4 ni ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ilé ìgbé ló pọ̀ níbẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ, ọ̀pọ̀ òpópónà wọn kò sì já sí ibì kan. Òpópónà tí kò já ni ẹ ń wá, torí oníkẹ̀kẹ́ kì í gba ibi tí kò já. Phase 2 dàpọ̀ mọ́ra: ilé kan dára, èyí tó tẹ̀lé e ti di ilé ọtí. Ẹ fi Gado Nasko Road, àyíká ọjà àti gbogbo ibi tí wọ́n bá júwe fún yín pé ó "sún mọ́ ojú títì" sílẹ̀ fún ẹni tó wá ṣòwò. Ní etí ìlú lọ́hùn-ún, níbi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igbó àti ẹsẹ̀ òkè, owó ilé máa ń dín kù, ibẹ̀ sì dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ tí a ń wá nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́ ìròyìn ìjínigbé láti agbègbè Bwari, eteetí bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àárín ìlú ni kí ẹ wà, níbi tí ilé kan ti fara ti ìkejì, tí géètì wà, tí ọlọ́dẹ sì wà.

Àwòrán ilé kò lè sọ nǹkan kan fún yín nípa ariwo. Ohun tó lè sọ ọ́ ni kí ẹ bẹ onílé tàbí ejẹ́ǹtì pé kó ya fídíò ìṣẹ́jú kan fún yín ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó dúró nínú yàrá tí ẹ máa sùn, kó ṣí fèrèsé, kó má sì sọ̀rọ̀. Mo ní aago mẹ́jọ nítorí ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀: àwọn ará ibi iṣẹ́ ti dé, ẹni tí kò níná ti tan jẹnẹrétọ̀, ilé ọtí ti ṣí, ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ ṣì ń lọ. Ẹ fi ohun tí à ń kì bọ etí gbọ́ ọ. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo kan tó ń lọ gbọọrọ láìdáwọ́ dúró, jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbé e sẹ́yìn yàrá àlejò gan-an nítorí pé ibẹ̀ ni àyè wà. Ìlù tó ń dún láti inú ilẹ̀ kò ní í tán kí ó tó di ọ̀gànjọ́. Ajá tó ń gbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní wàhálà. Tí onílé bá sì fi fídíò ọ̀sán ránṣẹ́ dípò ti alẹ́, ó ti dá yín lóhùn.

Ìbéèrè kejì ni ti iná. Ẹ má bi wọ́n bóyá iná wà, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò sí. Ẹ béèrè báńdì, ìyẹn ìpele iná, tí òpópónà náà wà. Báńdì A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Lẹ́yìn náà, ta ló ń sanwó rẹ̀? Ọ̀pọ̀ shortlet, ìyẹn ilé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀, máa ń ní "iná wà nínú owó", wọ́n á wá fi yúnìtì díẹ̀ sórí mítà, á sì tán ní òru kejì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Éásì oní-hòósì kan máa ń jẹ nǹkan bí 0.8 yúnìtì ní wákàtí kan nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá tàn án fún wákàtí 10 lóru, ẹ ka yúnìtì 8, ìyẹn 24 fún òru mẹ́ta. Fíríìjì kékeré lè jẹ yúnìtì kan lójúmọ́, ẹ̀rọ omi gbígbóná oní-1,500 wáàtì á jẹ ìdajì yúnìtì tí ẹ bá lò ó fún ìṣẹ́jú 20. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù á sún mọ́ 30. Báńdì A ti kọjá ₦200 fún yúnìtì kan láti ọdún 2024, nítorí náà owó iná yín á lé ní ₦6,000. Ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò mítà ní ọjọ́ tí ẹ bá wọlé. Ní ti ìnfátà, ìbéèrè kan náà ló wà: kí ló ń gbé? Èyí tó pọ̀ jù ń gbé fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Éásì kò sí nínú rẹ̀.

Omi rọrùn, àfi tí tánkì bá jẹ́ àjùmọ̀lò. Èèyàn méjì tó ń lo 100 lítà lójúmọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan á lo 600 lítà ní ọjọ́ mẹ́ta, tánkì 1,000 lítà tó kún sì ti tó wọn. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ilé mẹ́rin ń fa omi nínú tánkì kan, pọ́ńpù sì nílò iná kó tó gbé omi sókè. Tí iná bá lọ lóru, ẹni tó kọ́kọ́ jí ló máa wẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kún bokítì ńlá méjì sílẹ̀ nílé ìwẹ̀. Bí ó bá wá burú tán, mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò á gbé kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà wọlé fún yín; ti ìwẹ̀ àti ìfọṣọ nìyẹn, ẹ má mu ún.

Owó sísan ni ibi tí wọ́n ti ń lu àlejò ní jìbìtì jù. Ilé kan náà lè wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì mẹ́ta lórí Facebook, kí ọ̀kan má sì mọ onílé rárá. Ẹ pè é ní fídíò, kó rìn láti géètì wọ inú yàrá láìgé e, kí ẹ wá san òru kan péré. Kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá orúkọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ mu, tàbí kó ní ìdí tí ẹ lè wádìí. Ìyókù owó di ìgbà tí ẹ bá di kọ́kọ́rọ́ mú. Tí wọ́n bá gba owó ìdúró lórí nǹkan tó lè bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye náà àti ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà sórí WhatsApp, kí ẹ sì fi fídíò ká gbogbo yàrá kí ẹ tó tú ẹrù: gíláàsì tó ti là, àbàwọ́n orí àga, rìmóòtù tí kò ní bátìrì.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá ní mọ́tò á gba Lokoja, Abaji, Kwali àti Gwagwalada. Ìlú lọ́hùn-ún, ní Utako tàbí Jabi, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń parí sí, ẹ ó sì wá padà rin ìdajì ọ̀nà tí ẹ ti rìn kọjá. Ẹ bi dírẹ́bà bóyá ó máa gba Zuba. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Zuba ni kí ẹ sọ̀ sí, Kubwa ò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó wọ bàálù á ná wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti pápákọ̀ òfurufú, ó sì sàn kó balẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Láti aago mẹ́rin ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń rọ́ gba títì Kubwa lọ sílé. Àwọn tó ń bọ̀ láti Kaduna ló gbádùn jù: ọkọ̀ ojú irin dúró ní Kubwa, wọ́n sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí nọ́ńbà NIN wà lọ́wọ́, torí wọn kì í ta á fún ẹni tí kò ní in, kí ẹ sì wo àkókò tó ń gbéra lọ́sẹ̀ yẹn, ó máa ń yí padà.

Nínú ìlú, kẹ̀kẹ́ ló tó. Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání, torí ṣéńjì lè fa àríyànjiyàn tó gùn ju ìrìn náà lọ. Tí ẹ bá ń lọ sí Abuja tàbí Bwari, ẹ pe mọ́tò lórí fóònù, kí ẹ wo nọ́ńbà ara mọ́tò kí ẹ tó wọlé. Àwọn dírẹ́bà kan máa ń béèrè pé "káàṣì ni àbí tiransífà?" kí wọ́n tó gbéra; ẹ dá wọn lóhùn kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kánsù. Mọ́tò tó dúró ní jọ́ńṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, tí èèyàn mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, tó wá ń pe yín sí àyè kan tó kù, ẹ jẹ́ kó máa lọ. One chance nìyẹn lè jẹ́, ìyẹn àwọn olè tó ń ṣe bí ẹni ń gbé èrò, kò sì sí àlejò tó lè dá wọn mọ̀ lójú.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má lọ síbì kankan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Ushafa. Dutse Alhaji lẹ máa gbà wọ ọ̀nà Bwari. Lóòótọ́ ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀lé àwọn tó ń lọ sí Abuja fún ìwọ̀nba ọ̀nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí ẹ tó jáde. Láti Dutse lọ, ọ̀nà á ti ṣí. Abúlé àwọn Gbagyi ni Ushafa, òun ni Bill Clinton yà sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000 nígbà tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, wọn ò sì tíì dákẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìkòkò tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù lé èjìká dípò orí, bí àwọn Gbagyi ṣe ń rù ú nìyẹn. Ní ìlànà àtijọ́ wọn, amọ̀kòkò kì í yí ìkòkò. Ìkòkò á dúró, òun ló máa ń rìn yí i ká, tí á máa fi amọ̀ gígùn lé amọ̀, tí á sì máa fi ọwọ́ àti igbá dán an. Ìsun rẹ̀ kì í ṣe nínú ààrò. Koríko gbígbẹ àti igi ni wọ́n ń tò lé e lórí ní gbangba. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, torí ìkòkò tí kò gbẹ dénú máa ń bẹ́ nínú iná.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi oríkèé ìka kàn án. Èyí tó dún gbaingbain dára. Èyí tó dún pọ̀ọ́ ti là níbì kan, bí ojú yín ò tilẹ̀ rí i. Àmu tí wọn ò fi nǹkan kun máa ń làágùn, kì í ṣe pé ó ń jò: omi tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ tó sì ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń mú kí ti inú tutù. Ẹ gbé e lé àwo. Tí ẹ bá máa gbé e wọ bàálù, ẹ ki aṣọ sínú rẹ̀ títí dé ẹnu, ẹ fi aṣọ wé e, kí ó wà lọ́wọ́ yín. Nínú ẹrù abẹ́ bàálù, kò ní dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkòkò bá wọ̀ lọ́kàn lè wo ẹ̀yìn ₦20: Ladi Kwali ló wà níbẹ̀, ọmọ Gbagyi tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkọ́mọ̀kòkò Suleja láti ọdún 1954, nígbà tí Suleja fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Abuja.

Ìsàlẹ̀ Ushafa ni ìsédò (dáàmù) Usuma wà, omi ìmu Abuja ni, nítorí náà wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó ya fọ́tò, tí wọ́n bá sì ní rárá, ẹ má jiyàn. Ẹ má gun òkè kankan láìsí ọmọ abúlé tó mọ ọ̀nà. Ẹ padà ní aago méjì.

Ọjọ́rú, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Bí ara bá wá ń yún yín, ẹ lọ wo àpáta Zuma láti ojú títì, lẹ́yìn Zuba àti Madalla. Àpáta náà fi nǹkan bí 300 mítà ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ. Òun ló wà lẹ́yìn ₦100 àtijọ́, tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú. Òwúrọ̀ ni ẹ lọ, nígbà tí ọyẹ́ kò bá bò ó mọ́lẹ̀.

Oúnjẹ ò le. Lówùúrọ̀, kosai àti kunu (ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe) wà ní ẹnu òpópónà, masa tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe náà wà, àkàrà tí ẹ mọ̀ sì ni kosai. Suya di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ra níbi tí èrò wà, torí ẹran ibẹ̀ kì í pẹ́ lórí àtẹ. Fura, ìyẹn jéró àti wàrà, tí wọ́n fi igbá gbé kiri dùn, àmọ́ ẹ ò mọ omi tí wọ́n pò ó, ẹni tó wá sinmi kò sì nílò inú rírun. Tí ẹ bá máa dáná, mudu ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà níbí, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọ inú. Ìdajì mudu ìrẹsì, iṣu kan, ẹyin 12 àti ata díẹ̀ ti tó èèyàn méjì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ wá bàálù tó ń gbéra lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Ẹ kúrò ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wọ ọ́fíìsì. Ẹni tó ń lọ ní mọ́tò gbọ́dọ̀ jí ní ìdájí, torí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀ Yorùbá kì í pẹ́ gbéra; Zuba sún mọ́ ọ ju Utako lọ. Kí onílé ti mọ̀ láti alẹ́ Ọjọ́rú pé ẹ ń lọ, kó wá yẹ yàrá wò nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, kí owó ìdúró sì wọ àkáǹtì yín kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín.